Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ sí Nọ́ọ̀wè, Ẹ Kọ́kọ́ Bi Oòrùn

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds. Àyà mi kọ́kọ́ já, torí ẹni tó bá pe èèyàn láago mọ́kànlá alẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà dára. Àṣé ayọ̀ ni.

Ó ní, "Gbọ́, mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú. Èmi àti Màmá ń lọ sí Nọ́ọ̀wè lóṣù keje. A fẹ́ lọ wo ìmọ́lẹ̀ àríwá yẹn, èyí tó máa ń jó lójú ọ̀run. Mo fẹ́ sanwó báyìí kó tó tán. Wọn kì í dá owó rẹ̀ padà o."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó."

"Kí ló dé?"

"Torí pé lóṣù keje, ilẹ̀ kì í ṣú níbi tí ẹ ń lọ yẹn."

Ó dákẹ́. Owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe owó kékeré fún wa. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gba iṣẹ́ alẹ́ kún iṣẹ́ alẹ́ kó tó rí i kó jọ. Màmá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún wọn ń dùn wọ́n. Ọdún 31 ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti ya àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù sójú pátákó débi pé wọn ò nílò ìwé mọ́, ṣùgbọ́n Kùtọnu ni ibi tó jìnnà jù lọ tí wọ́n dé rí. Tí owó yìí bá lọ sórí ìrìn àjò tí wọn ò ti ní rí ohun tí wọ́n bá lọ, kò sí òmíràn nílẹ̀.

Ohun tí a wá jọ ṣe fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí fóònù ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ owó náà ni. Nọ́ọ̀wè rẹwà lóòótọ́: òkè, omi, yìnyín, ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ gbogbo ẹwà yẹn ló ní oṣù tirẹ̀, oòrùn ló sì ń pín oṣù náà fún wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo iye tíkẹ́ẹ̀tì, tó wá wo oòrùn lẹ́yìn, onítọ̀hún ti ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀.

Ọsàn àti igi ìgbálẹ̀

Nígbà tí a wà ní kékeré, Màmá máa ń gún ọsàn ní igi ìgbálẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á tan àtùpà sórí tábìlì, wọ́n á dà igi náà tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì máa gbé ọsàn náà yí àtùpà po láì yí bí igi ṣe dà. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ẹ̀kọ́ Màmá fúnra wọn.

Ayé wa náà dà tẹ̀ báyẹn, ní dígírì 23.4. Bó ṣe ń yí oòrùn po lọ́dọọdún, ibi tí orí rẹ̀ kọjú sí kì í yí. Nítorí náà, lóṣù kẹfà, orí ayé ní àríwá tẹ̀ sọ́dọ̀ oòrùn. Lóṣù kejìlá, ó tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tí ojúmọ́ gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù kò fi wákàtí kan ju ara wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ilẹ̀ tó ń mọ́ láago mẹ́fà ààbọ̀, tó ń ṣú láago méje, òfin Ọlọ́run ni níbi gbogbo.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí. Látítúùdù ni iye dígírì tí ìlú kan fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ti Ìbàdàn jẹ́ 7.4. Ti Tromsø, ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ ní òkè Nọ́ọ̀wè, jẹ́ 69.65. Láti mọ bí oòrùn ṣe máa ga tó lójú ọ̀run ní ọ̀sán gangan, ẹ ṣe báyìí:

90 yọ látítúùdù, ẹ fi 23.4 kún un tó bá jẹ́ ìparí oṣù kẹfà, ẹ yọ 23.4 kúrò tó bá jẹ́ ìparí oṣù kejìlá.

Ìbàdàn ní ìparí oṣù kejìlá: 90 − 7.4 − 23.4 = 59.2. Oòrùn ṣì ga dáadáa.

Tromsø ní àkókò kan náà: 90 − 69.65 − 23.4 = −3.05. Ẹ rí i pé ó ti kọjá òdo sẹ́yìn. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀!

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ti ọ̀gànjọ́ òru lóṣù kẹfà, ẹ fi 23.4 kún látítúùdù, kí ẹ yọ 90: 69.65 + 23.4 − 90 = 3.05. Èyí túmọ̀ sí pé láago méjìlá òru, oòrùn ṣì wà lókè, ó ń wo yín.

Ní Tromsø, láti nǹkan bí 20 oṣù karùn-ún títí dé nǹkan bí 22 oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀. Láti nǹkan bí 27 oṣù kọkànlá títí dé nǹkan bí 15 oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ. Kì í wá ṣe pé gbogbo rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò o. Ní ọ̀sán, ojú ọ̀run máa ń mọ́ díẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ búlúù, bí ìdájí tiwa, fún wákàtí mélòó kan, kó tó tún ṣú.

Ìmọ́lẹ̀ àríwá lè wà lójú ọ̀run lóṣù keje. Ojú ni kò ní rí i. Ìràwọ̀ náà wà lókè lọ́sàn-án, àbí ẹ ti rí i rí? Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sanwó tíkẹ́ẹ̀tì oṣù keje, yóò rí oòrùn òru, èyí tó dára gan-an, àmọ́ kò ní rí ohun tó torí rẹ̀ lọ.

Òfin àkọ́kọ́ nìyí: ẹ yan ìmọ́lẹ̀ tàbí òkùnkùn. Oòrùn òru jẹ́ ti ìparí oṣù karùn-ún sí ìdajì oṣù keje. Ìmọ́lẹ̀ àríwá jẹ́ ti ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ẹ kò lè rí méjèèjì nínú ìrìn àjò kan.

Kí ni ìmọ́lẹ̀ náà gan-an?

Oòrùn kì í tan ìmọ́lẹ̀ àti ooru nìkan. Ó tún máa ń tú àwọn ègé kéékèèké jáde nígbà gbogbo, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti pírótọ́ọ̀nù, bí atẹ́gùn tó ń fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ayé wa ní agbára òòfà, bí òòfà inú sípíkà, tó sì ga ju ilẹ̀ lọ fíìfíì. Òòfà yìí ló máa ń darí púpọ̀ nínú àwọn ègé náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wọlé, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìlà òòfà bí omi òjò ṣe ń tẹ̀ lé gọ́tà, títí wọ́n á fi já sí àyíká òpin ayé méjèèjì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ lu afẹ́fẹ́ ayé wa, ní ibi tó ga ju 100 kìlómítà lọ.

Nígbà tí wọ́n bá kọ lu ọ́síjìn, ọ́síjìn gba agbára, ó sì dá a padà gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 100 sí 150 kìlómítà, àwọ̀ ewé ló máa ń yọ. Níbi tó ga ju 200 lọ, pupa ni. Náítírójìn ló ń mú búlúù wá, àti àwọ̀ bí ti osùn tó máa ń hàn nísàlẹ̀ aṣọ ìmọ́lẹ̀ náà.

Ará Nọ́ọ̀wè kan, Kristian Birkeland (1867–1917), wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan tó ní òòfà nínú sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì ta ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí i. Ìmọ́lẹ̀ yọ yí orí àti ìdí bọ́ọ̀lù náà ká, bíi ti ayé gan-an. Wọ́n ti fi àwòrán rẹ̀ sára owó 200 kroner wọn rí.

Màmá bi mí pé, "Kí ló dé tí kò fi sí ní ọ̀dọ̀ tiwa?" Ìbéèrè olùkọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òòfà ayé náà ní ìlà agbedeméjì tirẹ̀, ìlà yìí sì gba apá òkè Nàìjíríà kọjá. Lọ́dọ̀ tiwa, ìlà òòfà sùn gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Ègé tó bá tẹ̀ lé e kò ní já sórí wa. Ní Tromsø, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró ṣánṣán. Gọ́tà tibẹ̀ dojú kọ ilẹ̀.

Ó ku oṣù wo ni kí wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù kejìlá, kó lè bọ́ sí ìsinmi Kérésì. Mo ní kí a wo ìparí oṣù kẹsàn-án. Ìdí mẹ́ta ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Èkíní, ní nǹkan bí 22 oṣù kẹsàn-án, ayé kò tẹ̀ sọ́dọ̀ oòrùn, kò sì tẹ̀ kúrò. Ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Tromsø àti Ògbómọ̀ṣọ́ jọ ń pín wákàtí 24 bákan náà ni. Ẹ ní ọ̀sán láti fi wo òkè, ẹ sì ní òru láti fi wo ọ̀run.

Èkejì, ní àyíká oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, bí òòfà ayé ṣe kọjú sí ti oòrùn máa ń jẹ́ kí àwọn ègé rọ́nà wọlé dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ náà máa ń yọ lemọ́lemọ́ ju ti àwọn oṣù yòókù lọ.

Ẹ̀kẹta ni orúnkún Màmá. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, yìnyín kò tíì bo ojú títì láàárín ìlú. Lóṣù kejìlá, ojú títì máa ń yọ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n da ọṣẹ sí.

Ìkùukùu ni ọ̀tá yín

Àwọn èèyàn máa ń gbé áàpù sórí fóònù tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe máa lágbára tó lóní. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Kp, láti òdo dé 9. Tí ẹ bá wà ní Leeds, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ ga kí ẹ tó lè rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n abẹ́ òrùka ìmọ́lẹ̀ náà gan-an ni Tromsø wà; Kp 1 tàbí 2 lè tó. Ẹ tún lè gbọ́ pé oòrùn ní ìyípo ọdún mọ́kànlá, àti pé ní oṣù kẹwàá 2024, NASA àti NOAA kéde pé ó ti wọ àsìkò tí agbára rẹ̀ ga jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Tromsø, kò ní láti dúró de ọdún oòrùn.

Ìkùukùu ni wàhálà. Ìmọ́lẹ̀ náà wà ní 100 kìlómítà sókè. Ìkùukùu wà ní kìlómítà díẹ̀ péré. Tó bá ti bo ojú ọ̀run, bí ẹni fi ìdérí bo ìkòkò ni. Òkun sì wà lẹ́nu ìloro Tromsø, nítorí náà ìkùukùu kì í jìnnà.

Ibí ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìṣirò kejì. Ó fẹ́ sun alẹ́ kan péré ní Tromsø, torí ilé ìtura wọ́n. Mo ní, ká sọ pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní pé ojú ọ̀run máa mọ́ ní alẹ́ kan. Mo kàn mú nọ́ńbà yẹn fún àpẹẹrẹ ni. Alẹ́ kan: àǹfààní yín jẹ́ 40. Tó bá jẹ́ alẹ́ mẹ́rin, ẹ wo àǹfààní pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣókùnkùn: 0.6 × 0.6 × 0.6 × 0.6 = 0.13. Ìyẹn ni pé àǹfààní pé ẹ máa rí ó kéré tán alẹ́ kan tó mọ́ jẹ́ 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká má purọ́, ìkùukùu kì í tú ká lálaalẹ́ bí ẹni ta ayò. Tó bá dé, ó lè jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà àǹfààní yín kò ní tó 87 pátápátá. Síbẹ̀, alẹ́ mẹ́rin ju alẹ́ kan lọ fíìfíì. Ẹni tó na gbogbo owó ọkọ̀ òfurufú tán, tó wá ń ṣahun alẹ́ mẹ́ta, ó dà bí ẹni tó ra màlúù tí kò ra okùn.

Nǹkan míì tó yẹ kí ẹ mọ̀: atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti òkun máa ń gun òkè, ó ń tutù, ó sì ń tú omi inú rẹ̀ dà sílẹ̀. Nígbà tó bá fi máa bọ́ sí ẹ̀yìn òkè, ó ti gbẹ. Àwọn òkè Lyngen, ní ìlà oòrùn Tromsø, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí òjò, ìdí nìyẹn tí ọ̀run fi sábà máa ń mọ́ ní Skibotn lẹ́yìn wọn. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó èèyàn lọ wo ìmọ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń sáré lọ síbẹ̀, nígbà míì títí dé ẹnu ààlà Finland. Yr ni ẹ fi máa wo ojú ọjọ́. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn àti rédíò ìjọba wọn ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni.

Òtútù, aṣọ àti pánla

Ẹ wo máàpù, Tromsø wà lókè ju apá púpọ̀ nínú Alaska lọ. Síbẹ̀, etíkun rẹ̀ kì í dì, ìwọ̀n òtútù rẹ̀ lóṣù kìíní kò sì ju nǹkan bíi −4 lọ lápapọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn wá láti apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń bá wọn dáná, atẹ́gùn sì ń gbé ooru rẹ̀ wọlé.

Omi àti òtútù yìí náà ló gbé pánla wá sínú ọbẹ̀ wa. Ní erékùṣù Lofoten, ní ìsàlẹ̀ Tromsø, ẹja kọ́ọ̀dù ń wá yé láti òkun Barents ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọ́n á so ó kọ́ sórí igi láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, láìfi iyọ̀ sí i. Lásìkò yẹn, ojú ọjọ́ ń ṣeré yí òdo dígírì ká. Tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀, ẹja á dì, á sì fọ́. Tó bá gbóná jù, eṣinṣin á yé sí i. Atẹ́gùn nìkan ló ń gbẹ ẹ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń rà á jù, pàápàá orí rẹ̀.

Atẹ́gùn kan náà yẹn kò ní ṣàánú yín o. Tí ojú ọjọ́ bá jẹ́ dígírì 5, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní 36 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ara yín á rò pé òdo ni. Aṣọ kan tó nípọn kò tó. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ ló ń dá ooru ara dúró, nítorí náà aṣọ mẹ́ta ni: èyí tó fara mọ́ ara, tí a fi irun àgùntàn ṣe, èyí tó fúyẹ́ tó sì nípọn láàárín, èyí tí atẹ́gùn àti òjò kò lè wọ̀ lókè. Ẹ má fi aṣọ òwú sí ara. Ó ń mu òógùn, omi sì ń kó ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ fi fóònù sínú àpò tó fara mọ́ yín. Òtútù máa ń jẹ bátìrì.

Àfonífojì tí òkun wọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé ìmọ́lẹ̀ nìkan la fẹ́ torí ẹ̀ lọ síbẹ̀ ni?" Rárá. Fíọ́ọ̀dù náà ń bẹ, apá òkun tóóró tó wọ àárín òkè lọ jìnnà. Yìnyín ló gbẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, yìnyín tó nípọn ju kìlómítà kan lọ bo Nọ́ọ̀wè, ó sì ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ sí òkun, ó ń ha àpáta bí ẹni ń fi ọbẹ̀ ha iṣu. Nígbà tó yọ́, òkun wọlé. Sognefjord gùn tó 205 kìlómítà, ó sì jìn tó 1,308 mítà. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ibi tó ti pàdé òkun, kò jìn tó 200 mítà, torí pé yìnyín ti ń tín-ín-rín níbẹ̀, kò lágbára láti gbẹ́ mọ́.

Ọ̀nà tí a yàn rèé: ọkọ̀ ojú irin láti Oslo dé Myrdal lórí òkè, ọkọ̀ ojú irin kejì tó sọ̀ kalẹ̀ ní 20 kìlómítà dé Flåm létí omi, ọkọ̀ ojú omi gba inú Nærøyfjord, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún ayé ní 2005, lẹ́yìn náà, Bergen. Màmá lè jókòó wo gbogbo rẹ̀. Ẹ mú agbòjò dání fún Bergen. Atẹ́gùn òkun àti òkè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń mú kí òjò rọ̀ níbẹ̀ ju 200 ọjọ́ lọ lọ́dún.

Ẹ̀gbọ́n mi tún fẹ́ gun Trolltunga, àpáta tó yọ jáde bí ahọ́n. Àlọ àbọ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 27, ó sì gba wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. A yọ ọ́ kúrò. Àwọn ará Nọ́ọ̀wè ní òfin mẹ́sàn-án fún ẹni tó ń gun òkè, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn yí padà. Wọ́n mọ ohun tí òkè lè ṣe. Ní 1934, àpáta ya lulẹ̀ sínú fíọ́ọ̀dù ní Tafjord, ìgbì omi rẹ̀ sì pa 40 èèyàn. Lónìí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ òkè Åkerneset, nítòsí ibẹ̀, tọ̀sán-tòru, torí pé ó ti là, ó sì ń sún díẹ̀díẹ̀.

Ìwé àti owó

Nọ́ọ̀wè kò sí nínú ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wà nínú Schengen. Físà Schengen ni ẹni tó ní páàsì Nàìjíríà máa gbà. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ìwé ìgbélùú tòun ní Gẹ̀ẹ́sì ti tó. Kò tó, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbà á, kálukú níbi tó ń gbé. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Ìwé adójútòfò ìlera tó kéré tán €30,000 wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ dé Svalbard, ẹ ṣọ́ra: ti Nọ́ọ̀wè ni, àmọ́ kò sí nínú Schengen, nítorí náà ẹ nílò físà tí a lè fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lè padà.

Oúnjẹ ilé oúnjẹ wọ́n gan-an. Ẹ ra nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì kí ẹ sè é. Ẹ má ra omi, ti ẹnu ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ lè sùn nínú àgọ́, òfin wọn ti 1957 gbà yín láyè láti pàgọ́ sínú igbó àti orí òkè lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá ti jìnnà tó 150 mítà sí ilé tí èèyàn ń gbé. Ẹ má sì fojú máàpù tan ara yín jẹ: láti Oslo dé Tromsø lórí ilẹ̀ ju 1,600 kìlómítà lọ. Ẹ wọ bàálù, bíi wákàtí méjì ni.

Bó ṣe rí

Wọ́n lọ ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Èmi ò lọ. Mo wà nínú láàbù ní Ìbàdàn, mo ń dúró de kí iná dé. Alẹ́ àkọ́kọ́ ní Tromsø, òjò. Alẹ́ kejì, ìkùukùu. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ohùn rẹ̀ le: "Sáyẹ́ǹsì ẹ ńkọ́?" Mo ní kó wo Yr, kó wo ẹ̀yìn òkè. Alẹ́ kẹta, wọ́n wọ ọkọ̀ àwọn tó ń wá ìmọ́lẹ̀, wọ́n gbá wọn lọ sí apá Skibotn. Aago mọ́kànlá kọjá kí ó tó yọ. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú, ó sì lọ.

Màmá pè mí lórí fídíò láti inú òkùnkùn náà. Mi ò rí nǹkan kan àyàfi imú wọn. Wọ́n ní, "Kò pọ̀n tó ti inú fọ́tò o. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín funfun, kó tó wá di àwọ̀ ewé." Òótọ́ ni, ojú wa kì í rí àwọ̀ dáadáa nínú òkùnkùn bíi kámẹ́rà, ó yẹ kí n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó ń rìn. Ìwé wa kò sọ pé ó máa ń rìn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó wa ọkọ̀ wọn ní látítúùdù ibi tí wọ́n dúró sí.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Reykjavík, olú ìlú Iceland, wà ní látítúùdù 64.1. Ṣé oòrùn máa ń wọ̀ níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà? Ẹ ṣe é kí ẹ tó ka ìlà tó tẹ̀ lé e.

64.1 + 23.4 − 90 = −2.5. Ó wọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló lọ sábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ kò ní ṣú dáadáa. Tí ọ̀rẹ́ yín kan bá fẹ́ lọ wo ìmọ́lẹ̀ àríwá níbẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹ tètè pè é kó tó sanwó, kódà bó jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́.